Kálàmù Onípísítìn Lórí Tábìlì Akọ̀wé Kóòtù: Àyẹ̀wò TWSBI Eco

Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni mí ní Èkìtì, ọwọ́ ni mo sì fi ń kọ gbogbo ohun tí olùpẹ̀jọ́, olùjẹ́jọ́ àti ẹlẹ́rìí bá sọ, láti ìgbà tí a bá ti pe ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ títí di ìgbà tí kóòtù bá dìde. Ẹni tó bá ń kọ̀wé báyìí lójoojúmọ́ kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irinṣẹ́ tó fi ń kọ ọ́. Bírò a máa mú kí ọrùn ọwọ́ dun ni, nítorí pé dandan ni kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé kí ó tó yọ, nígbà tí kálàmù onítàdáwà kò fẹ́ ju kí a gbé e lé ìwé lọ. Láti nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ sẹ́yìn, kálàmù kan ṣoṣo ni mo ń lò ní kóòtù, òun ni TWSBI Eco, tí wọ́n ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Taiwan, tó sì kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2015. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀, pàápàá nípa písítìn tó wà nínú ikùn rẹ̀, nítorí pé orí písítìn yẹn ni gbogbo ìwúlò rẹ̀ dúró lé. Mo gbàgbọ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é bá ipò àwa tí a kì í rí ẹni bá wa tún kálàmù ṣe ní tòsí mu, ju ti ọ̀pọ̀ kálàmù tó wọ́n jù ú lọ.

Ọ̀nà tí àwọn kálàmù onítàdáwà fi ń gba tàdáwà sínú pọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ike kékeré tí wọ́n ti rọ tàdáwà sí láti ilé iṣẹ́ ni a ó kì bọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí a ó sì sọ ọ́ nù bí ó bá ti tán. Èyí ni wọ́n ń pè ní kátíréèjì, n kò sì rí i rà rí nínú àwọn ilé ìtàwé tí mo yà sí ní Adó-Èkìtì. Àwọn mìíràn ní àpò rọ́bà nínú, tí a ó tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, tí yóò sì fa tàdáwà bí ó ṣe ń wú padà. Irú èyí ni bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́, máa ń fi há àpò agbádá rẹ̀. Ti onípísítìn yàtọ̀ sí méjèèjì, nítorí pé gbogbo ikùn kálàmù náà fúnra rẹ̀ ni ìkòkò tàdáwà. Písítìn kan ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ikùn náà, bí ti ike abẹ́rẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fa oògùn, ṣùgbọ́n dípò kí a fi ọwọ́ fà á, kókó kan ni a ó máa lọ́ ní ìdí kálàmù. Bàbá àgbàlagbà kan tó wá jẹ́rìí nínú ẹjọ́ ilẹ̀ ti tẹjú mọ́ ọn títí lọ́jọ́ kan, ó wá bi mí pé, “Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé abẹ́rẹ́ lẹ fi ń kọ̀wé ni?” Mo ní, “Bàbá, tàdáwà ló wà nínú rẹ̀ o,” mo sì nà án sí wọn kí wọ́n wò ó dáadáa.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìjókòó kóòtù ni mo máa ń rọ ọ́, kí n tó kúrò nílé. N ó ṣí ìgò tàdáwà, n ó lọ́ kókó ìdí rẹ̀ sí ọwọ́ òsì títí tí písítìn yóò fi sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn kálàmù, n ó wá ki níìbù, ìyẹn ẹnu irin tí kálàmù fi ń kọ̀wé, bọ inú ìgò títí tí tàdáwà yóò fi bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ kókó náà padà sí ọwọ́ ọ̀tún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìkánjú. Nítorí pé ara Eco mọ́ gaara bíi gíláàsì, mo ń rí písítìn bó ṣe ń gòkè, mo sì ń rí tàdáwà bó ṣe ń tẹ̀lé e. Àwọ̀ búlúù rẹ̀ a máa ṣú sí i bí ó ṣe ń pọ̀ sí i, títí a kò fi ní lè rí ìka wa láti òdìkejì mọ́. Lílọ́ ẹ̀ẹ̀kan kì í kún un, afẹ́fẹ́ díẹ̀ a máa kù lókè. N ó tún lọ́ ọ wálẹ̀, n ó tún lọ́ ọ gòkè, ìgbà kejì yìí ni yóò kún dé etí písítìn. N ó gbé e kúrò nínú tàdáwà, n ó lọ́ kókó díẹ̀ kí ẹ̀kán mẹ́ta lè padà sínú ìgò, n ó dojú níìbù sókè, n ó lọ́ ọ padà kí ó fa afẹ́fẹ́ díẹ̀, n ó sì fi àkísà àdìrẹ kan tí mo ti yà sọ́tọ̀ nu ẹnu rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì. Bí n kò bá dá ẹ̀kán mẹ́ta yẹn padà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá kọ ni yóò tàn bí ìgbà tí epo bá kán sórí ìwé.

Ikùn náà gba tàdáwà tó ju mìlílítà 1.5 lọ, nígbà tí kátíréèjì kékeré tó wọ́pọ̀ jù kì í tó mìlílítà 1. Ìyàtọ̀ yìí lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú ẹni tí kì í kọ ju létà kan lọ lóṣù. Ní tèmi, ohun tó túmọ̀ sí ni pé rírọ kan tó mi fún odindi ìjókòó, tàdáwà kì í sì í tán mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí ẹlẹ́rìí bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá tilẹ̀ ku díẹ̀ kí ó tán, ojú mi ni yóò ṣe, n ó sì ti múra sílẹ̀ kí wọ́n tó pe ẹjọ́ tó kàn. Ìgò tàdáwà Quink kan, tó jẹ́ mìlílítà 57, yóò rọ Eco kún ju ìgbà 30 lọ. Ọdún 1931 ni ilé iṣẹ́ Parker gbé tàdáwà yẹn jáde, àwọn àgbà tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí tàdáwà ṣì wà lórí tábìlì gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní ṣàì mọ orúkọ rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kálàmù bí a ṣe ń lọ́ kókó yẹn ni ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù. Inú kókó náà ní ìlà wíwé bí èyí tó máa ń wà nínú nọ́ọ̀tì, ọ̀pá tó di písítìn mú sì ní ìlà wíwé tirẹ̀ bíi ti bóòtù. Bí kókó bá ń yí, ọ̀pá kò lè bá a yí, nítorí pé wọ́n ti ṣe ojú ihò tó ń gbà kọjá lọ́nà tí yóò fi dè é mọ́ ojú kan. Kò sí ohun tó kù fún un ju kí ó lọ síwájú tàbí kí ó padà sẹ́yìn. Ọmọ ilẹ̀ Hungary kan, Theodor Kovács, ló ronú kan èyí tó yanjú jù lọ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Günther Wagner ní ìlú Hannover, ní Jámánì, ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ṣe kálàmù Pelikan àkọ́kọ́ tó jáde ní ọdún 1929. Bí kókó àti ọ̀pá bá so pọ̀ mọ́ ara wọn, tó sì jẹ́ pé ìlà wíwé kan ṣoṣo ló ń tì wọ́n, gbogbo ibi tí písítìn bá rìn dé ni kókó gbọ́dọ̀ yọ jáde dé lẹ́yìn, ìyẹn ni pé kálàmù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ní ìlọ́po méjì kí a tó lè rọ ọ́. Kovács lo ìlà wíwé méjì tí kò dọ́gba, tó bẹ́ẹ̀ tí kókó fi ń sún díẹ̀ péré nígbà tí písítìn yóò ti rin ọ̀nà tó jìn. Wọ́n tún ṣe ara kálàmù Pelikan náà lọ́nà tí ẹni tó ń lò ó fi lè yọjú wo iye tàdáwà tó kù. Ó ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, síbẹ̀ ìpìlẹ̀ yẹn náà ni àwọn tó ń ṣe kálàmù onípísítìn ṣì dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ṣáájú Eco. Kálàmù onípísítìn mìíràn ni mo kọ́kọ́ rà, n kò sì ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ó rẹwà, ara rẹ̀ dúdú ń dán, ó sì kọ̀wé dáadáa fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé ní oṣù Kejìlá, tí ètè gbogbo wa ń là, rọ́bà etí písítìn rẹ̀ náà gbẹ. Lílọ́ rẹ̀ di líle, ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Tàdáwà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìn lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, n kò sì mọ̀, nítorí pé a kò lè rí inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ń jẹ́rìí nípa ààlà oko bàbá rẹ̀, ó ń ka igi kọ̀ọ̀kan tó wà lójú ààlà náà, mo sì ń sáré kọ ọ́ kí n má baà fo ọ̀kan. Mo kàn rí i pé àtẹ́lẹwọ́ mi tutù. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, tàdáwà tó jò láti ìdí kálàmù ti kán sórí orúkọ obìnrin náà nínú ìwé àkọsílẹ̀, ó tàn dé orí ìlà mẹ́ta nísàlẹ̀ rẹ̀. A ní láti dá ọ̀rọ̀ dúró. Mo tún àwọn ìlà náà kọ sójú ìwé tó tẹ̀lé e níṣojú tọ̀túntòsì, Ààrẹ kóòtù sì buwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ibi tó bàjẹ́. Nígbà tí mo délé, mo wá ibi tí n ó ti tú kálàmù náà títí, n kò rí i, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdí rẹ̀ pa. Rọ́bà tí kò ju èékánná ọmọ ìka lọ ló sọ odindi kálàmù di ohun ìsọnù. Ó dùn mí gan-an, ìrora yẹn ló sì kọ́ mi ní ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta kálàmù onípísítìn fún mi, pé báwo ni a ṣe ń tú u?

Àwọn tó ṣe Eco ti dáhùn ìbéèrè yẹn kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n. Nínú páálí tí ó bá dé, sípánà pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìgò gírísì sílíkóònù tó kéré bí orí àtàǹpàkò. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún olówó kálàmù pé kí ó tú u, kí ó sì pa á lára. N kò mọ ọ̀wọ̀ mìíràn tí ẹni tó ṣe irinṣẹ́ lè bù fún ẹni tó rà á tó ju èyí lọ.

Mo tú tèmi ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìparí oṣù Kìíní, nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé lílọ́ rẹ̀ ti fẹ́ máa le. Mo kọ́kọ́ da tàdáwà inú rẹ̀ padà sínú ìgò, mo fi omi fọ̀ ọ́, mo sì tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kí nǹkan kékeré má baà sọnù. Mo lọ́ kókó ìdí títí tí àyè fi yọ láàárín rẹ̀ àti ikùn, mo ki sípánà bọ ibẹ̀, mo yí i sí ọwọ́ òsì, odindi ẹ̀rọ náà sì fà jáde: kókó, ọ̀pá àti písítìn, lọ́wọ́ọ̀wọ́. Mo gbé písítìn náà sún mọ́ fèrèsé. Etí rẹ̀ méjì ló yọ róbótó, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àwọn ni wọ́n ń fi ara kan ògiri ikùn yíká kí tàdáwà má baà rí ojú ọ̀nà. Ìlà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní àárín wọn, èyí tó fi hàn mí pé etí iwájú ti fẹ́ máa sú u, ti ẹ̀yìn ṣì ń ṣọ́ ọ̀nà. Mo nù ún mọ́. Mo fi orí igi ìtayín bu gírísì tí kò tó hóró ìrẹsì kan, mo fi pa inú ikùn yíká, mo sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Ibì kan wà tó gba sùúrù níbẹ̀: bí ọ̀pá kò bá sí ní ipò tó yẹ kí a tó dè é, písítìn kò ní sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì tún un ṣe kí ó tó bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bọ́ sí i, kókó náà ń yí bí ọbẹ ṣe ń gba inú ẹ̀kọ tútù kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má fi fasilíìnì tàbí gírísì àwọn mẹkáníìkì rọ́pò èyí tó wà nínú páálí o, nítorí pé wọ́n lè ba rọ́bà jẹ́. Kí a má sì fi agbára dè é, ike ni, ó lè sán.

Níìbù àti ahọ́n rẹ̀ náà ń yọ. Fífà ni a ó fà wọ́n tààrà, a kò ní lọ́ wọn.

Ahọ́n yẹn tọ́ sí ọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí pé òun ló ń sọ bóyá kálàmù yóò kọ̀wé tàbí yóò máa kán. Abẹ́ níìbù ló wà, ó ní ojú tóóró kan tí tàdáwà ń gbà, níìbù fúnra rẹ̀ sì là láàárín títí dé ṣóńṣó. Bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà láìsí ẹni tó ń tì í, bẹ́ẹ̀ ni tàdáwà ṣe ń tọ ojú tóóró wọ̀nyí dé orí ìwé. Ṣùgbọ́n bí tàdáwà bá ń jáde, afẹ́fẹ́ ní láti wọlé rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ti da ẹmu láti inú agbè rí mọ̀ pé bí a bá dojú agbè dé lójijì, ẹmu kò ní ṣàn geere, yóò máa dún kọ́lọ́kọ́lọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń bá a du ẹnu agbè. Ahọ́n kálàmù ló ń parí ìjà yẹn láàárín àwọn méjèèjì, ó ń jẹ́ kí tàdáwà sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n, kí afẹ́fẹ́ sì gòkè ní róbótó róbótó. Àwọn ìyẹ́ pẹlẹbẹ tó tò sára rẹ̀ bí eyín ooyà ń gba èyí tó bá ṣẹ́kù mọ́ra kí ó má baà kán sílẹ̀. Kí a tó máa pe Èkìtì ní Ilẹ̀ Iyì, Orísun Ìmọ̀ ni wọ́n ń kọ sára nọ́ńbà ọkọ̀ wa, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá rántí pé orúkọ orísun omi náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ irú kálàmù yìí.

Ilẹ̀ olókè tí a ń gbé yìí gan-an ló ń dán kálàmù onípísítìn wò. Bí tàdáwà bá ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì, afẹ́fẹ́ ló kún ibi tó kù nínú ikùn, ikùn onípísítìn sì tóbi, nítorí náà afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju ti kátíréèjì lọ. Afẹ́fẹ́ a máa wú bí ara bá móoru, ó sì tún máa ń wú bí a bá ń gun òkè, nítorí pé afẹ́fẹ́ ìta ń fúyẹ́ sí i. Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìtẹ́jú òkun, Adó-Èkìtì sì fi ju mítà 400 lọ ga jù ú. Ẹni tó bá fi kálàmù tó ku díẹ̀ sí àpò, tí ó dojú níìbù rẹ̀ kọ ilẹ̀, tí ọkọ̀ sì gbé e gba Iléṣà gun òkè Èfọ̀n-Aláayè, afẹ́fẹ́ tó ń wú yóò ti tàdáwà jáde sínú ìdérí rẹ̀. Ẹni tó ṣe kálàmù kọ́ ló jẹ̀bi, bí ayé ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń rọ ọ́ kún bámúbámú kí n tó wọ ọkọ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà rí àyè nínú rẹ̀, mo sì máa ń dojú níìbù sókè nínú àpò, kí ó lè jẹ́ pé bí ohun kan bá máa jáde, afẹ́fẹ́ ni. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀kán kan kò tíì kán sínú ìdérí rẹ̀. Lórí tábìlì pẹ̀lú, bí ó bá ti ku ìdá kan nínú mẹ́rin, mo máa ń tún un rọ, nítorí pé ooru ọwọ́ nìkan tó láti mú kí ìlà kan nípọn ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Níìbù Eco jẹ́ irin tí kì í dógùn-ún, wọ́n sì ń ta á ní EF (tó tín-ín-rín jù), F (tó tín-ín-rín), M (tó wà láàárín), B (tó sanra) àti èyí tó gé pẹrẹsẹ, tí wọ́n ń pè ní Stub 1.1. F ni mo rà. Fúlúsíkáàpù tí a ń rà lọ́jà kì í fẹ́ tàdáwà púpọ̀. Níìbù tó bá sanra ju F lọ yóò tàn lórí rẹ̀, yóò sì yọ sí ẹ̀yìn ìwé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ìwé náà la ó kọ. Ìlà rẹ̀ dúró ṣinṣin, ó rọ̀ lórí ìwé láìyọ̀ jù. Ìdérí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, èyí tí kì í jẹ́ kí ó yí bọ́ lórí tábìlì kóòtù wa tó dagun díẹ̀, ìdérí kékeré mìíràn sì wà nínú rẹ̀ tó ń bo níìbù mọ́ afẹ́fẹ́. Mo fi í sílẹ̀ lọ́dún Kérésìmesì fún ọjọ́ mẹ́wàá nínú ọyẹ́ líle. Lọ́jọ́ tí mo ṣí i, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde kedere láìjẹ́ pé mo gbọ̀n ọ́n.

Ní ti tàdáwà, èyí tí omi lè fọ̀ dára fún létà, kò dára fún ìwé tí àwọn ọmọ ẹni lè wá béèrè lẹ́yìn ogójì ọdún. Èyí tó ní èròjà irin nínú, bíi Pelikan 4001 Blue-Black, ni mo ń lò fún àkọsílẹ̀ ẹjọ́. Bí a bá kọ ọ́ tán, àwọ̀ rẹ̀ a máa ṣú sí i bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án, ó sì ń wọ inú ìwé ṣinṣin. Ó ń fẹ́ kí a máa fi omi fọ inú kálàmù lóòrèkóòrè, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Tàdáwà àwọn ayàwòrán, tó máa ń dì gbagidi bí ó bá gbẹ, kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ rárá, nítorí pé yóò dí ahọ́n rẹ̀ pa.

Fífọ̀ yẹn gan-an ni àléébù tó wà lára gbogbo kálàmù onípísítìn. Kátíréèjì, a ó yọ ọ́, a ó gbé ọrùn kálàmù sábẹ́ omi ẹ̀rọ, ó ti parí. Níbí, gbogbo omi tó bá wọlé, ẹnu níìbù ló gbọ́dọ̀ gbà, ẹnu níìbù náà ni yóò sì gbà jáde. Mo ń fa omi, mo ń tú u dà, tó ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí omi tó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn kí ó máa pààrọ̀ àwọ̀ tàdáwà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó má ra onípísítìn. Bákan náà, bí tàdáwà bá tán níbi tí ìgò kò sí, iṣẹ́ dúró. Ìgò oògùn kékeré kan tí mo bu tàdáwà sí ló wà nínú dúrọ́ọ̀ mi fún ìgbà bẹ́ẹ̀. N kì í sì í fi ìdérí rẹ̀ há ìdí bí mo bá ń kọ̀wé. Kálàmù náà a máa gùn jù, ìdí rẹ̀ a máa wúwo ju orí lọ, kókó tí a fi ń lọ́ písítìn sì wà níbẹ̀, kò yẹ kí ohunkóhun máa yí i láìmọ̀.

Agbẹjọ́rò kan tó máa ń wá sí kóòtù wa ní Pelikan M200, òmíràn sì ní Lamy 2000, àwọn méjèèjì sì ti jẹ́ kí n fi kọ̀wé. Onípísítìn ni wọ́n. M200 fúyẹ́ lọ́wọ́ ju Eco lọ, níìbù àti ahọ́n rẹ̀ sì jọ ń lọ́ jáde pọ̀, èyí tó dára púpọ̀ fún fífọ̀. Lamy 2000, tí Gerd A. Müller ya àwòrán bí yóò ṣe rí, tó sì ti wà láti ọdún 1966, ni mo rí tó dùn ún dì mú jù nínú gbogbo wọn: ike tí wọ́n ń pè ní Makrolon ni ara rẹ̀, níìbù wúrà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sá pamọ́ tán, ibi tí kókó ìdí rẹ̀ sì ti pàdé ara kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé rí. Ṣùgbọ́n owó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ra Eco tó ju méjì lọ, ẹ̀rọ písítìn M200 kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe kí olówó rẹ̀ máa tú. Bí ọyẹ́ bá mú un bí ó ti mú tèmi àkọ́kọ́, ó di kí a fi ránṣẹ́ sí ibi tó jìnnà. Ẹwà Lamy náà wù mí dénú, síbẹ̀ Eco ni n ó tún rà bí èyí bá sọnù lónìí.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àbúrò mi bá mi rà á ní Èkó, ó sì fi rán awakọ̀ sí mi ní Adó. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á béèrè níìbù F bí fúlúsíkáàpù ni yóò máa fi kọ, EF bí lẹ́tà rẹ̀ bá kéré, kí ó sì mú èyí tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, èyí tí yóò ti lè máa rí písítìn. Kí ó tó sanwó, kí ó ṣí páálí náà, kí ó wo abẹ́ ike tí kálàmù sùn lé. Ibẹ̀ ni sípánà àti gírísì máa ń wà. Bí ọ̀kan kò bá sí níbẹ̀, kí ó ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.